Ààlà Tí Wọ́n Fà Gba Àárín Títì Wa

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ ṣe ṣíìfù nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó... Kàfáyà, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ìwọ lo ní kí Màmá Àgbà sọ̀rọ̀, àbí èmi ni mo bẹ̀ ọ́?

Ẹ gbọ́. Ìtòsí Oak Park ni èmi àti bàbá yín àgbà ń gbé láyé eighties, ṣùgbọ́n Chicago ni. Ìyá Ramọ́ta, ará Ìwó, ń gbé ní òdì kejì títì. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, òun nìkan ni mo lè kúnlẹ̀ kí, tí yóò dá mi lóhùn lédè mi. Ta ni ẹ̀yin ń kúnlẹ̀ kí lónìí? “Hi, Grandma,” ó parí. Kò burú.

Káńsẹ́lọ̀ wa fún àwa Mùsùlùmí àdúgbò ní yàrá kan nínú ilé tó wà ní páàkì. Ọ̀fẹ́ ni. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, àwọn ọmọ a máa ké kéwú, àwa ìyá a jókòó sẹ́yìn, a ó máa sọ̀rọ̀ ilé, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ ró. Tí Monday bá ti dé, àwọn arúgbó tí mo ń wẹ̀ nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀, òmíràn nínú wọn kò sì mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Ni wọ́n bá tún àwọn wọ́ọ̀dù pín. Wọ́n ní pípín ti tẹ́lẹ̀ ń rẹ́ àwọn kan jẹ. Ó dáa, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ṣé àárín títì wa ló yẹ kí ààlà tuntun gbà? Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ramọ́ta ṣì wà lábẹ́ káńsẹ́lọ̀ àtijọ́, páàkì náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tiwa bọ́ sí wọ́ọ̀dù tuntun, sọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ tí a kò mọ̀ rí. Ẹni tó ń ṣí yàrá ní ará wọ́ọ̀dù wọn nìkan ló lè lò ó.

Bàbá yín àgbà ní, “Kì í ṣe ìjà. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ la bọ́ sí. A ó lọ kí onílẹ̀, a ó mú ìṣákọ́lẹ̀ dání, a ó wá tọrọ yàrá tiwa.” Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe lóko, tí wọ́n fi fún un ní ibi tó gbin kòkó sí.

Ó ra iṣu ńláńlá ní ṣọ́ọ̀bù ará Jàmáíkà. Ó kó obì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Ó wọ agbádá, ó wá fi kóòtù òtútù bò ó. Mo ní, “Bàbá Múrí, ẹ jọ ìrọ̀rí.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín jáde nílé o.

Ó dé ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀ tuntun, ó gbé iṣu sórí tábìlì akọ̀wé. Obìnrin yẹn ní, “Sir, what is this for?” Olóòótọ́ èèyàn, ó ní, “For the room.” Haa! Ní Chicago, níbi tí gbogbo ojú ń ṣọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀! Wọ́n pe sẹ̀kúríítì. Wọ́n ní kó gbé ẹrù rẹ̀, kó máa lọ, lójú gbogbo ẹni tó ń dúró níbẹ̀. Ó ń pariwo, “It is respect, madam! Respect!”

Ó dé ilé, ó jókòó, kò bọ́ kóòtù. Ó ní, “Ìyá Múrí, wọ́n pè mí lólè.”

Ìyá Ramọ́ta gbọ́, ó sáré wá. “Ẹ máa bọ̀ jàre! Ẹ wá bá wa jókòó. Ta ni yóò mọ̀?”

Bàbá yín àgbà ní, “Rárá. Wọ́n ti ní olè ni mí. Ṣé kí èmi àti ìyàwó mi wá máa yọ́ wọ ibi tí wọ́n ní kì í ṣe tiwa?” Láyé ìgbà yẹn, tí ọkọ bá ní rárá, rárá náà ni. Tiyín ńkọ́? Ẹ ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mo wá ń jókòó sójú fèrèsé ní Sunday. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ wọn lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, Ìyá Ramọ́ta máa ń juwọ́ sí mi. Nígbà tó yá, yìnyín dé, olúkúlùkù bo orí, kò sẹ́ni tó gbójú sókè mọ́... Mo dá wà. Bó ṣe rí ni mò ń sọ yìí. Ọkọ mi wà nílé, ọmọ wà nílé, mo dá wà.

Nígbà tó yá, àwọn Ìyá Ramọ́ta kó lọ sí Aurora, ìlú mìíràn. Ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, èèyàn kan kanlẹ̀kùn, ó ní wọ́n ti tún ààlà fà, títì wa ti di wọ́ọ̀dù kan náà padà. Inú mi dùn! Mo wọ bàtà, mo sáré sọdá, mo kanlẹ̀kùn Ìyá Ramọ́ta kí n tó rántí pé ó ti kó lọ. Òyìnbó kan ló ṣílẹ̀kùn. “Can I help you?” Mo ní rárá, mo ṣìlé ni.

Kàfáyà, ta ló ń gbé ilé tó kàn yín ní Matteson?

O ò mọ̀ ọ́n.

Haa... Ṣé o rí i? Kò sẹ́ni tó fa ààlà kankan fún yín o. Dìde, ọmọ mi. Lọ kí wọn.