Bí Mo Ṣe Ka Lẹ́tà Àwáwù Sódì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Mo mọ̀ pé a ti ka oore-ọ̀fẹ́ tán, mo sì mọ̀ pé iyán ń dúró de ẹlòmíràn nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún tó kọjá, kò sì dà nínú mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ̀rù má baà mú mi fo ibi tó burú jù. Ẹ̀yin aládùúgbò wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹ gbà láti wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ìta ṣọ́ọ̀ṣì yìí nítorí mi, ẹ ṣeun. Ẹ ó gbọ́ ìdí tí mo fi pè yín.

Gbogbo Òkèhò ló mọ èmi Festus ní akọ̀wé. Láti ọdún 1968 ni mo ti ń kọ lẹ́tà fún àwọn tí kò lọ sí ilé-ìwé, tí mo sì ń ka lẹ́tà fún wọn. N kì í gbà ju isu kan tàbí ẹyin adìyẹ mélòó kan lọ. Ẹ ń pè mí ní Bàbá Mọ́ládé olóòótọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, ó dùn ju bó ti yẹ lọ. Lọ́dún 1981, Àwáwù ìyàwó Ràmọ́nì, ẹni tí ń ṣe gàrí lẹ́yìn ọjà, wá bá mi. Ẹ mọ̀ bó ṣe ń fọwọ́ rin pákí lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ orí. Ó fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ẹgbẹ́ tó ti wọ̀ láti ọdún mẹ́ta, kó fi ra ẹ̀rọ tí ń rin pákí. Mo bá a kọ fọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ka sí i. Ó ní, "Bàbá Mọ́ládé, bí ẹ̀rọ yìí bá dé, ìka mi á sinmi. Bàṣírátù ọmọ mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ pa òun lára mọ́, ó ní iyanrìn ni ọwọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, mo da tíì sórí fọ́ọ̀mù náà. Ọkọ̀ Ìsẹ́yìn fẹ́ gbéra láàárọ̀ yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń gba fọ́ọ̀mù mọ. Àwáwù ti lọ sóko. Fọ́ọ̀mù kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, mo tún un kọ, mo wá ti àtàǹpàkò ara mi bọ yíǹkì. Florence aya mi bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mọ́ládé, ìka ta nìyẹn? Ẹ jẹ́ n sáré lọ pè é lóko." Mo ní, "Ìka kì í ṣe ojú. Ta ni yóò dá a mọ̀?" Ó ní, "Ọlọ́run tó dá a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́?" Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná. Ìyàwó mi rí kòtò kí n tó jìn sí i, èmi tí mo mọ̀wé ni n kò rí i.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò lè yá a lówó. Wọn kò sọ ìdí. Àwáwù rọra jókòó. Ó ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n. N kò bínú sí wọn, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá tún un ṣe." Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí èsì dé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá fún mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: "Ìtẹ̀ka inú fọ́ọ̀mù yìí dán. Èyí tó wà nínú rẹ́jísítà wa ní àpá ní ìbú. Kì í ṣe ìka ẹnì kan náà. Bí ẹni tó ni fọ́ọ̀mù bá wá fúnra rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, a óò tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò." Ẹ gbọ́ o. Páànù ló fi àpá sí ìka obìnrin yẹn, ìka akọ̀wé sì dán bí awẹ́ obì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí oṣù parí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, èmi ni mo tì í. Mo mọ̀ pé bó bá dé Ìsẹ́yìn, wọn á bi í pé ta ló tẹ̀ka. Mo rántí pé Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀ gbin tábà rí, mo sì ní, "Wọ́n ní ọkọ rẹ jẹ àwọn oníṣòwò tábà ní gbèsè, àwọn kò sì lè yá ìyàwó onígbèsè lówó." Ó wò mí. Ó ní, "Ràmọ́nì? Ràmọ́nì tèmi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ká lẹ́tà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin náà gbọ́ ariwo tó tẹ̀lé e. Ràmọ́nì búra títí, ìyàwó rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó pọn ọmọ, ó kó ẹrù lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ràmọ́nì tọ̀ mí wá, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ronú padà. Ṣé kì í ṣe Ràmọ́nì mìíràn ni wọ́n dárúkọ?" Mo ní òun ni. Ó rẹ́rìn-ín kíkorò, ó ní, "Gbèsè rèé, n kò tilẹ̀ rántí bí mo ṣe ná an! Ǹ bá ti kọ́kọ́ fi í ra ewúrẹ́ kan."

Níbo ni mo ti wá burú jù? Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà parí ìjà ni. Wọ́n mú Àwáwù wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, wọ́n gbé àga fún èmi tí mo ka lẹ́tà láàárín agbo. Ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Mo na ìka sí ọkùnrin náà, mo ní, "Ràmọ́nì, jẹ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ló ń rí àánú." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ràmọ́nì wo ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó ní, "Òótọ́ ni. Mo jẹ gbèsè náà. Àwáwù, dákun, máa bọ̀ nílé." Ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀! Ó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ilé rẹ̀ má baà tú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń pè é ní Onígbèsè Tábà lọ́jà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, èmi ni mo dá orin, orin nípa Ẹni tó ru ẹrù ẹlòmíràn. Ohùn mi gé ní ẹsẹ kejì. Ẹ rò pé ọ̀fìnkìn ni, ìyá kan tilẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Florence ní, "Ọ̀fun kọ́ ló ń dùn yín." Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, a jọ lọ sí ilé Ràmọ́nì, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àwáwù wọlé, ó mú lẹ́tà náà jáde, ó ní, "Ẹ kà á. Bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ kà á." Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kó wá fúnra rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ràmọ́nì ní, "Ẹ jẹ́ n gbá akọ̀wé yìí létí, ẹyọ kan péré." Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárí jì mí ná. Irọ́ ni mo gbà gbọ́, n kò gba yín gbọ́." Ọwọ́ Ràmọ́nì sì wálẹ̀.

Èmi, Àwáwù àti Ràmọ́nì jọ lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi níwájú alága ẹgbẹ́. Ó ní n kò gbọdọ̀ kọ fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ àwọn mọ́ títí ayé, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ti ọdún yẹn ti tán, ṣùgbọ́n ó ní Àwáwù ni àwọn yóò kọ́kọ́ yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò lọ́dún yìí. Àwáwù ti tẹ̀ka sí òmíràn fúnra rẹ̀, lójú wọn. A ń retí èsì, ọkàn wa sì balẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Ràmọ́nì bèèrè lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Etí tó gbọ́ tèmi ni kó gbọ́ tiyín." Ìdí nìyí tí mo fi pè yín. Ràmọ́nì kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí. Ẹ bá mi gba orúkọ yẹn kúrò lẹ́nu ọjà. Kí Ọlọ́run àti ẹ̀yin dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ sí ilé-ìwé, wọn yóò gbé lẹ́tà wá bá yín lọ́la. Ẹni tí ẹ bá ń ka ìwé fún, ojú yín ló yá. Ẹ má fi ojú náà ṣì í lọ́nà.

Lánàá, Àwáwù ní kí n kọ́kọ́ ka ìwé tí mo mú lọ́wọ́ yìí fún òun, kí Florence, tó mọ̀wé díẹ̀, sì dúró lẹ́yìn mi, kó máa fojú bá a lọ. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Florence ní n kò fo ọ̀rọ̀ kankan.