Ìka Mi Ni Mo Gún

Ọmọ mi, má tíì lé ìyàwó rẹ jáde. Ìyàwó, ìwọ náà jókòó. Ikú ò jìnnà sí mi mọ́, òótọ́ tí mo gbé mì kò sì dà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde.

Nígbà tí ìyàwó lóyún, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa pé olóyún tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ ga, torí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń pa ìyá, tó ń pa ọmọ. Èmi onífáàrí ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi ló wà." Ìyàwó, aránṣọ tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, kò lè wo abẹ́rẹ́ tó bá ń bọ̀ lára òun. Láràárọ̀ ló máa ń na ìka sí mi, á kọjú sí ògiri. Èmi ni mò ń gún un, èmi ni mò ń ka ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èmi náà ni mò ń pe nọ́ọ̀sì. Ìwọ ọmọ mi á ní, "Màmá, ẹ ju dókítà lọ." Orí mi á wú.

Nígbà tó yá, ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nọ́ọ̀sì ní bó bá tún ga, àwọn máa dá a dúró sí ọsibítù. Ojú tì mí. Kí wọ́n gba aláìsàn lọ́wọ́ èmi tí mo ti fọ́nnu káàkiri àdúgbò? Lọ́jọ́ kejì, mo gún ìyàwó, mo nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, mo gún ìka ara mi, mo sì fi tèmi sẹ́nu ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì ní a káre. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Àgbàyà ni mí.

Ẹsẹ̀ ìyàwó wú, orí ń fọ́ ọ. Ó ní, "Màmá, ojú mi ń ṣú, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù." Mo mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ tí mò ń wọ̀n, síbẹ̀ mo ní, "Ṣúgà rẹ dáa. Ooru ni. Lọ sùn." Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni gìrì ti gbé e. Wọ́n rí ìyá yọ, wọn ò rí ọmọ yọ.

Èyí tó burú jù ló kù. Ọmọ mi, nígbà tí o pariwo mọ́ ọn pé, "Kí lò ń jẹ ní ìkọ̀kọ̀? Ìwọ lo pa ọmọ mi!" èmi lo wò fún ẹ̀rí. Mo ní, "Mo sọ fún un, kò gbọ́." Ìyàwó wò mí. Òun gan-an ti gbà pé ara òun ló pa ọmọ òun.

Irọ́ ni, ìyàwó. O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí o bá tún lóyún, fi ojú ara rẹ wo ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, ì báà jẹ́ ìyá tó bí ọ ló di ìka rẹ mú. Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Ọmọ mi, ìwọ bá ara rẹ bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Èmi ni kí o lé.