Abẹ́rẹ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Dá Dúró Sáàárín

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, mo kí yín. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Tíṣà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, Òwu níbí ní Abẹ́òkúta ni mo sì ń gbé. Ohun kan ti wà láyà mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Ǹ bá gbé e lọ sí sàréè, ṣùgbọ́n ìjọ wa máa ṣe Ìkórè lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹnìkan sì fẹ́ dìde lọ́jọ́ náà láti tọrọ àforíjì fún ohun tí èmi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìjọ wa ní bọ́ọ̀sì kan nígbà náà, ó ti dàgbà díẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o. Nígbà tí wọ́n dárúkọ mi, ọkùnrin kan nínú àwọn àgbà ìjọ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa ọkọ̀ ju kó wọlé kó jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní màá fi hàn án. Fún ọdún méjì gbáko, gbogbo ìgbà tí a bá ṣèpàdé ni mò ń dìde, tí mò ń sọ pé bọ́ọ̀sì ò ní wàhálà kankan. Mo máa ń sọ ọ́ bíi pé èmi ni mo bí i.

Bàbá Rótìmí ni dírẹ́bà wa. Ará abúlé kan lẹ́bàá Odeda ni. Mo kọ́ Rótìmí ọmọ ẹ̀ níwèé, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Tíṣà. Kì í sáré. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í ṣí iwájú ọkọ̀ wo omi àti ọ́ìlì kó tó ṣáná sí i.

Rédíétọ̀, ibi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù wà, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ibi tí bọ́ọ̀sì bá sùn, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ á ti tutù láàárọ̀. Omi inú ẹ̀ pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan irin tó dípẹtà. Omi tí Bàbá Rótìmí ń bù sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ wá di ojoojúmọ́. Ajórin bá wa jó o lẹ́ẹ̀kíní, ó tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mẹkáníìkì wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mà, rédíétọ̀ yìí ti gbó. Tí a bá jó ibì kan, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni yóò tún máa jò. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ kó tó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́."

Mo ní kó di ẹ̀yìn Ìkórè. Kì í ṣe pé ìjọ ò lè rà á o. Tí mo bá bèèrè rédíétọ̀ tuntun, àfi kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nípàdé pé bọ́ọ̀sì ti ń ṣàìsàn, ọkùnrin yẹn á sì tún rẹ́rìn-ín. Ohun tó dá mi dúró ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ kékeré tó wà níwájú dírẹ́bà, tó máa ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná. Tó bá ti kọjá àárín báyìí, ìyá tó bá jókòó síwájú á ní, "Ẹ páàkì o, abẹ́rẹ́ ti ń gòkè." Àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bàbá Rótìmí á páàkì, á dúró kó tutù, á bu omi sí i. Wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á sì máa ròyìn ẹ̀ kiri.

Lọ́jọ́ kan mo gba kọ́kọ́rọ́, mo fúnra mi wa bọ́ọ̀sì náà lọ sí Láfẹ́nwá. Riwáyà kan wà níbẹ̀ tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa. Mo ní kó bá mi ṣe abẹ́rẹ́ yẹn kó má gòkè mọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìyá, abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń gbóná o." Mo ní kó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ó so nǹkan kékeré kan mọ́ wáyà ẹ̀, abẹ́rẹ́ gòkè dé àárín, ó dúró síbẹ̀ gbagidi.

Mi ò sọ fún Bàbá Rótìmí. Lọ́jọ́ kẹta ó wá bá mi, inú ẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́rẹ́ yìí ti wá gbọ́ràn." Mo dá a lóhùn pé a dúpẹ́.

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tó gbé ẹgbẹ́ akọrin lọ sọ́nà Odeda. Ó bu omi kún un láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn. Lójú ọ̀nà, ibi tí wọ́n jó là, omi dà tán. Ó ń wo abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ wà láàárín, ó ń wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Kí èéfín tó yọ, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yẹn ò jí mọ́.

Wọ́n pè é sípàdé. Mẹkáníìkì ní òótọ́ ni pé rédíétọ̀ ti gbó, àmọ́ dírẹ́bà tó bá ń wo abẹ́rẹ́ á ti dúró kó tó bàjẹ́. Ó wojú mi, ó bọ̀wọ̀ fún mi, kò sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Bàbá Rótìmí di fìlà ẹ̀ mú lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, mò ń wò ó. Àárín ló wà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ọjọ́sí ní bóyá oorun ló ń sùn. Ni Bàbá Rótìmí bá yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ mọ̀ pé mi ò kí ń purọ́."

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Mo ní kí wọ́n ṣàánú ẹ̀, kí wọ́n má ní kó san nǹkankan, pé àgbà ti ń dé sí i.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi kan náà ni mo ní kí wọ́n tètè ta bọ́ọ̀sì náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí ẹnikẹ́ni má baà tú iwájú ẹ̀ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ò tíì dé. Bàbá Rótìmí padà sóko lọ́nà Odeda. Ọdọọdún, kí Kérésì tó dé, ló ń gbé láfún tí ìyàwó ẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe wá fún mi. Ó ń dúpẹ́ pé èmi nìkan ni mo bá òun bẹ̀bẹ̀. Màá gbà á, màá rò ó, màá jẹ ẹ́. Ìyàwó ẹ̀ ló sọ fún mi pé kò wa ọkọ̀ mọ́. Rótìmí ra ọkọ̀ kékeré kan, ó ní kí bàbá òun máa wà á, bàbá kọ̀. Wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ó ríran dáadáa, kò gbà. Ó ní ojú tó rí abẹ́rẹ́ láàárín nígbà tó ti gòkè, òun ò lè fi gbé ọmọ ènìyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípàdé, pé àgbà ti ń dé sí i, òun ló gbà gbọ́.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, ó wá sílé mi. Ó ní òun ò fẹ́ gbé e kú. Òun fẹ́ dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìkórè, kí òun jẹ́wọ́ pé òun lòun ba bọ́ọ̀sì wọn jẹ́. Àlùfáà ti fún òun láyè. Ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ mi ò dáa nínú ìwé kíkọ. Ẹ bá mi kọ ọ́. Kí ẹ sì bá mi kà á lọ́jọ́ náà, torí mo lè sunkún."

Mo kọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mú bírò, mo kọ ọ́, ojú ewé kan. Mo tún un kọ nítorí pé ìlà kan wọ́. Ó fọwọ́ sí i, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọkàn òun ti fúyẹ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ tí òtítọ́ wá jókòó sí pálọ̀ mi, irọ́ ni mo kọ fún un.

Ìwé náà wà nínú Bíbélì mi báyìí. Mo ti pinnu pé mi ò ní kà á. Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá a lọ́nà Odeda, kí n sọ ọ́ fún un lójúkojú, nítorí òun ni mo ṣẹ̀? Àbí kí n dìde níwájú ìjọ, kí òun àti àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà?

Tí mo bá sọ fún òun nìkan, mo mọ ohun tó máa sọ. Á ní, "Tíṣà, ó ti kọjá. Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi bẹ́ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Àìkú. Mo mọ ara mi. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo lè gbà.