Iṣẹ́ Tí Jìnádù Kò Jẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fi ìfẹ́ sáàárín ọkọ àti aya. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ onílàjà ni mo gbé wá lónìí. Àlùkùràánì ní bí ẹ bá ń bẹ̀rù ìyapa láàárín tọkọtaya, kí ẹ yan onílàjà kan láti ìdílé ọkọ, kí ẹ yan kan láti ìdílé ìyàwó. Bí wọ́n bá fẹ́ àtúnṣe, Ọlọ́hun á tún un ṣe. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Bí wọ́n bá fẹ́ àtúnṣe. Tó bá wá jẹ́ pé iyì ni wọ́n ń wá ńkọ́?

Jìnádù ará Ìwó kì í pa ìrun jẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Láwànì, aránṣọ. Lọ́jọ́ kan, Sẹ̀fínátù ìyàwó Láwànì lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ẹdẹ láì sọ fún un. Láwànì bínú, ó sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sàríà fún un láyè láti gbà á padà kí ìdà rẹ̀, bí oṣù mẹ́ta tí obìnrin fi ń dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, tó pé, ṣùgbọ́n obìnrin ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀.

Wọ́n yan Jìnádù fún ọkọ. Wọ́n yan Súnmọ́nù, àbúrò ìyá Sẹ̀fínátù, fún ìyàwó. Kí Jìnádù tó jáde, Láwànì dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ ní kó jọ̀ọ́, kó máa bọ̀ nílé."

"Mo ti gbọ́."

Ó dé ilé àna, ó rí Súnmọ́nù nínú agbádá ńlá, ojú lókè. Jìnádù rò ó wò. Ṣé òun ni yóò wá máa bẹ irú àwọn wọ̀nyí? Ó tún ìjókòó ṣe.

"Kí ni ọkọ ní kí ẹ wí?" Súnmọ́nù bi í.

"Ọmọ wa kò rán wa níṣẹ́. Kí ìyàwó wá tọrọ àforíjì. Kí ni tiyín wí?"

Súnmọ́nù ká apá agbádá rẹ̀ sókè. "Tiwa náà kò sọ nǹkan kan."

Ni wọ́n bá ṣàdúà, wọ́n túká. Ẹ wò ó, wọ́n tún rójú ṣàdúà. Jìnádù dé ilé, ó ní, "Láwànì, ó ní òun kò ṣe mọ́." Ìdà pé, yìgì tú. Sẹ̀fínátù fẹ́ ẹlòmíràn ní Òṣogbo. Láwànì kò fẹ́ ẹnikẹ́ni títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ òkú Láwànì, Sẹ̀fínátù wá, ó kúnlẹ̀ síwájú Jìnádù tó ti darúgbó.

"Bàbá, ẹ má bínú. Lọ́jọ́ tí ẹ wá sílé wa, ṣé lóòótọ́ ni Láwànì kò ní kí ẹ sọ nǹkan kan fún mi?"

Ó lè purọ́. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ojú sàréè kò tíì gbẹ.

"Ó ránṣẹ́, ọmọ mi. Ó ní òun jẹ̀bi. Ó ní kí o máa bọ̀ nílé."

Sẹ̀fínátù bú sẹ́kún. "Èmi náà rán àbúrò ìyá mi níṣẹ́, bàbá. Mo ní tó bá ti lè bèèrè mi, n ó tẹ̀ lé yín. Mo ti di ẹrù mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Nígbà tó dìde, ó ní, "Mo forí jì yín. Ṣùgbọ́n n kò lè bá Láwànì forí jì yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán Jìnádù, ó gbé e mì. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín àwa àti Ọlọ́hun, Aláàánú lè fà á rẹ́. Èyí tí a ṣẹ ọmọnìkejì, òun la máa bẹ̀. Inú sàréè wo ni Jìnádù yóò wá bẹ̀ ẹ́ sí?

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe kú sí wa lẹ́nu. Fi ọ̀nà mọ̀ wá nígbà tí ẹni tí a máa bẹ̀ ṣì lè gbọ́. Àmín.