Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ọrùn Ìdíátù Mọ́

Ẹ gbé omi gbígbóná yẹn sílẹ̀, Ìyá Ràímì! Ẹ gbé e sílẹ̀ o! Àná ni ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọmọ-ọmọ wa sílẹ̀, báńdéèjì ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ tún ti gbé òrí àti kànìnkànìn jáde? Haba!

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ jàre. Àna ni yín, mi ò ní bú yín, ṣùgbọ́n tí mo bá bú yín, ẹ fara mọ́ ọn. Mo sá nílé ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí Kánò, ó rí Agadẹ́sì, ó rí Gàó létí aṣálẹ̀, kò rí irú ọwọ́ yín rí! Ṣé Súmbọ̀ ọmọ mi ò sọ fún yín ni? Ó ní omi ló kún inú orí ọmọ tí orí fi ń tóbi, dókítà wá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó gba ẹ̀yìn etí, ó gba abẹ́ awọ ọrùn, ó wọnú ikùn, kí omi lè máa ríbi ṣàn lọ. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Kí lẹ gbọ́?

Nígbà tó kọ́kọ́ ti ọsibítù dé, ẹ fọwọ́ ba rọ́bà lọ́rùn, ẹ ní iṣan ló le. Iṣan! Ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ fi òrí sí i, ẹ ń fún un, ẹ ń fà á, ẹ tún gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ẹ dorí ẹ̀ kodò bí adìyẹ ọjà Ìkọ̀tun. Rọ́bà já! Ọmọ ń bì, àwùjẹ̀ ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ ń wolẹ̀ ṣáá. Ẹ̀yin yìí náà lẹ wá ń ké pé, “Súmbọ̀, kí lo fọ́mọ jẹ?” Ọmọ tèmi lẹ purọ́ mọ́! Wọ́n tún orí Ìdíátù là nítorí ọwọ́ yín!

Ẹ ní báyìí lẹ ṣe wẹ Ràímì? Ràímì ní rọ́bà lọ́rùn ni?

Wállàhì, ọwọ́ tó bá tún kan ọrùn yẹn, kó rọ!

Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́? Èmi bàbá Súmbọ̀! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Mo wẹ ràkúnmí tó ń gé èèyàn jẹ ní Agadẹ́sì, ṣé Ìdíátù tí ò tíì léyín ló máa bà mí lẹ́rù? Ẹ bu omi tútù là á. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ káwọ́ mọ́ra, ẹ máa wò.

Súmbọ̀! Gbé ọmọ wá. Rọra o.

Súmbọ̀... sún mọ́ mi díẹ̀. Ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń gbé orí ẹ̀ ró?