Omi Tí Wọ́n Fi Ṣan Tọ́kí

Nínú mọ́tò tó ń kún lọ́wọ́ ní gáréèjì Kútọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tí adìyẹ rẹ̀ kú tán, àti dókítà ẹranko kan, ọmọbìnrin, tó jókòó tì í.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí lẹ fún wọn kẹ́yìn?"

"Oúnjẹ wọn náà ni. Mo kàn da omi tí mo fi ṣan tọ́kí sínú abọ́ wọn. Omi ẹran kì í ṣòfò nílé wa."

"Ṣé tọ́kí fàyàwọ́ ni? Kò sẹ́ni tó yẹ ìyẹn wò kó tó wọlé, mà. Àrùn lè wà lára ẹ̀."

"Ó ti kú, ó tún le bí òkúta. Ṣé òkú ẹran lè pa ààyè ni?"

"Firísà kì í pa àrùn, mà. Ṣe ló máa ń tọ́jú ẹ̀."

Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo bù nínú omi yẹn fún adìyẹ aládùúgbò mi. Òun ló wá bá mi kẹ́dùn láàárọ̀ yìí."