Mo Rí Àṣìṣe Sẹ̀kínátù, Mo Ní Ó Dáa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Sẹ̀kínátù ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ṣe é níbi. Bó bá pè mí lórí fóònù tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n pàdánù yín," ṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú, nínú ọ́fíìsì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí Gáráàjì. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gé fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, tí mo ń tò ó pọ̀, tí mo ń fi orin sí i. Sẹ̀kínátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, bá mi níbẹ̀ ni, èmi ni mo sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, bó bá sì lọ sílé, á gbé ẹja gbígbẹ bọ̀ fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́, títí dìgbà tí ọ̀gá wa gbé ẹ̀rọ tuntun dé.

Ẹ̀rọ yìí ń to fídíò fúnra rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn ló ń darí rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ onílàákàyè tí wọ́n ń pè ní AI ni. Èèyàn á kàn rán AI níṣẹ́, òun á ka ìwé ìlànà, á sì ṣe ohun tí ìwé wí gẹ́lẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìlànà náà. Ta ló mọ iṣẹ́ yẹn jù mí lọ? Ọ̀gá wa, tí mo fi ọdún bíi mẹ́fà jù lọ, ní, "Sẹ̀kínátù ni kó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń yéèyàn. Àǹtí, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde."

Ẹ̀rín ni mo fi gbà á, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi. Mo jowú ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Mo jowú bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yá lórí kọ̀ǹpútà, kódà ìbòrí rẹ̀ tó máa ń bá aṣọ mu, mo jowú rẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni bí ọ̀gá ṣe máa ń fa àga sún mọ́ ọn kó lè ka ohun tó kọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fa àga sún mọ́ mi rí.

Ìwé náà dára, mo sì ń bínú pé ó dára. Mo kà á dé ìparí, níbi tó ti kọ ọ́ pé bí fídíò bá ti parí, kí AI pa gbogbo ohun tó wà nínú fódà iṣẹ́ rẹ́. Mo rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀. Èmi nìkan ló ń kó fídíò láti inú kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà wa, inú fódà iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì máa ń kó o sí, kò sí ẹ̀dà míì níbòmíràn. Sẹ̀kínátù ò mọ̀. Èèyàn tó bá ka ìlà yẹn á kọ́kọ́ bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bèèrè. Mo ní, "Ó dáa. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀." Mo rò pé fídíò lásán kan ló máa sọnù, kójú tì í díẹ̀ níwájú ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì, Sẹ̀kínátù gbé káàdì kámẹ́rà kan fún mi pé kí n bá òun kó fídíò inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, pé fídíò náà lòun fẹ́ fi dán ẹ̀rọ wò. Bàbá rẹ̀ ni mo rí níbẹ̀, lórí ẹní, tó ń sọ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́. Fídíò náà lé ní wákàtí méjì. Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, wọn ò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Mo ní n ó sọ fún Sẹ̀kínátù. Mo tiẹ̀ ti dìde. Àfi bí ọ̀gá tún ṣe fa àga, tó jókòó tì í, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mo padà jókòó. Mo kó fídíò náà sínú fódà iṣẹ́, mo pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì náà rẹ́ bí a ti máa ń ṣe, torí a fẹ́ lò ó ní Sátidé.

Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta jáde, ó rẹwà, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. AI ti pa ìyókù rẹ́. Orin ni ẹ̀rọ sì fi bo ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ẹnu bàbá ń lọ, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Sẹ̀kínátù di mọ́ mi, ó ní, "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo pa ohùn bàámi rẹ́." Mo ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ni mo sìn ín dé Ẹ̀pẹ́, ìyá rẹ̀ sì gbàdúrà fún mi títí. Ọ̀gá ti ní kí n máa bójú tó ìwé ìlànà báyìí. Mo ti gba ohun tí mò ń jowú lé lórí, mi ò sì lè ṣí i láìrántí ohùn bàbá náà.

Lánàá, Sẹ̀kínátù fi ìwé ìlànà tuntun ránṣẹ́ sí mi, ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara mi mọ́, tiyín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí àṣìṣe kankan. Ó ń dúró dè mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin èèyàn mi, bóyá kí n jẹ́wọ́ fún un ná, torí mo tẹ "Ó dáa" sórí fóònù, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kọ̀, kò fi í ránṣẹ́.